Mo Ní Láti Ọwọ́ Ìyá Wọn Ni

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí léèrè orúkọ. Gbogbo orúkọ tí mo máa dá níbí, mo ti yí wọn padà. Ohun tí mi ò yí padà ni ohun tí mo ṣe. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fi pa á mọ́ sínú, kò sí ọjọ́ kan tí kò dùn mí bí ẹni pé egungun ẹja há sí mi lọ́fun.

Mo ń sọ ọ́ nísinsìnyí nítorí pé ẹbí ọkọ mi ti ní kí n wá dúró níwájú àwọn ní Adó-Odò lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, kí n wá tún ọ̀rọ̀ kan sọ tí mo ti sọ nígbà kan. Bí mo bá sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ nígbà yẹn, ó ṣeé ṣe kí ọmọbìnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún kan kú. Bí mo bá sọ ọ́ bó ṣe yẹ kí n ti sọ ọ́, mi ò mọ ilé tí wọ́n máa gbà mí sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù kà á. Èmi kì í ṣe òǹkọ̀wé. Abẹ́rẹ́ ni mo mọ̀ ọ́n lò.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Sàngó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, kò jìnnà sí àwọn iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Nọ́ọ̀sì ni gbogbo èèyàn ń pè mí, ṣùgbọ́n mi ò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹnu iṣẹ́ ni mo ti kọ́ ohun tí mo mọ̀. Mo máa ń fa ẹ̀jẹ̀, mo máa ń wọn ìfúnpá, mo sì máa ń túmọ̀ èdè Òyìnbó fún àwọn aláìsàn tí kò gbọ́ ọ dáadáa. Dókítà wa ò gbọ́ Yorùbá. Ará Kàlàbá ni.

Ọmọkùnrin mẹ́ta ni ìyá ọkọ mi bí. Bàbá Sídí ni àgbà, ó ń ṣiṣẹ́ nídìí iléru níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Múfútáù ọkọ mi ló tẹ̀ lé e. Sàkíù ni àbíkẹ́yìn, ó ń jórin lábẹ́ bíríìjì Sàngó. Ó ga, ó sì rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, Agùntáṣọọ́lò ni mo ń pè é, nítorí pé ìyàwó kì í pe àwọn tó bá nílé lórúkọ.

Ìyá wọn ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Itele. Ó ń ta tùràrí, tìróò àti tẹ̀sùbáà níwájú mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀. Òun fúnra rẹ̀ máa ń lé tìróò, ó sì ní àwọn kókó kéékèèké kan ní ìpéǹpéjú tí àwọ̀ wọn jọ ti ìyeyè. Irú rẹ̀ wà ní ìgúnpá rẹ̀ àti lẹ́yìn gìgísẹ̀ rẹ̀. Kò dùn ún, nítorí náà kò sẹ́ni tó kà á sí.

Mi ò fẹ́ràn Màmá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó tó nǹkan.

Bí mo bá fọ ìkòkò tán, ó máa gbé e sójú oòrùn, ó máa wò ó, ó máa tún un fọ̀. Bí ọkọ mi bá jẹ oúnjẹ mi tán níṣojú rẹ̀, ó máa bi í pé, "Múfútáù, ṣé o ti jẹun?" Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó ní ọwọ́ tó ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́ kò mọ ọmọ gbé. Alábẹ́rẹ́ ló ń pè mí níwájú àlejò. Àwọn àlejò a rẹ́rìn-ín, èmi náà a bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ìyẹn ni gbogbo ẹ̀. Mo ti jókòó, mo ti wá èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí n lè kọ ọ́ síbí kí ẹ lè bá mi bínú sí i. Mi ò rí i. Òun náà ló tọ́ àwọn ọmọ mi méjèèjì nígbà tí mo bá lọ síbi iṣẹ́, kò sì sí ọjọ́ kan tí ọmọ mi sùn pẹ̀lú ebi.

Lọ́dún yẹn, Bàbá Sídí ṣubú nídìí iléru. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé ooru ló mú un. Wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ wa, ó ń làágùn, ó di àyà mú, ó ní ó dà bí ẹni pé wọ́n gbé irin lé òun láyà. Ọlọ́run bá wa ṣe é, kò kú. Kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún.

Dókítà wa bá àwọn olùwádìí kan ṣiṣẹ́ pọ̀ nígbà náà. Wọ́n fẹ́ mọ ìdí tí òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọkàn fi máa ń dí lára àwọn tí kò tíì darúgbó. Wọ́n ní kí n fa ẹ̀jẹ̀ Bàbá Sídí sínú ìgò méjì. Èkíní, wọ́n fẹ́ fi wo jíìnì, ìyẹn ohun tó ń mú kí ọmọ jọ òbí, bóyá ọ̀kan nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn èèyàn yòókù. Èkejì, wọ́n fẹ́ fi wọn iye iná tó ń jó lábẹ́lẹ̀ nínú òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe iná gidi. Bí ojú egbò ṣe máa ń wú tó sì máa ń gbóná, bẹ́ẹ̀ náà ni inú òpó ẹ̀jẹ̀ ṣe máa ń rí tí ọ̀rá bá ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Dókítà bi í nípa ìdílé rẹ̀. Èmi ni mo túmọ̀. Bàbá Sídí ní ẹ̀gbọ́n ìyá òun kan ṣubú lóko, ó kú. Àbúrò ìyá òun kan jókòó sórí àga, ó kú. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí Màmá gbé omi ẹran wá fún ọmọ rẹ̀, Dókítà rí àwọn kókó ojú rẹ̀, ó dúró, ó wò ó pẹ́. Ó sọ fún mi pé obìnrin yẹn gan-an gbọ́dọ̀ wá ṣe àyẹ̀wò. Mi ò sọ fún Màmá. Mo ní màá sọ ọ́ tó bá di alẹ́, alẹ́ lẹ́, mo rí i tó ń tún ìkòkò mi fọ̀, mo bá dákẹ́.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, èsì dé. Dókítà ní kí Bàbá Sídí kó àwọn àbúrò rẹ̀ wá. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sórí bẹ́ǹṣì, èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì.

Bàbá Sídí fi Píjìn bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Dókítà, abeg, wetin cause am?"

Dókítà wo ìwé, ó ní, "It comes from your mother."

Ó wá tẹ̀ síwájú, ó sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kì í ṣe ẹ̀bi ìyá náà, nítorí pé òun náà jogún rẹ̀ ni. Ó ní ó ṣeé ṣe kí àwọn àbúrò méjèèjì ní in lára, kí àwọn ọmọ wọn náà ní in. Ó ní iná ti wà nínú òpó ẹ̀jẹ̀ Bàbá Sídí, ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti ga jù, ṣùgbọ́n oògùn wà, ojoojúmọ́ ni kí ó máa lò ó títí láé. Ó ní kí gbogbo wọn wá, kí wọ́n mú ìyá wọn dání, nítorí pé òun gan-an lè ṣubú nígbàkúùgbà. Èdè Òyìnbó rẹ̀ jìn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń wo ẹnu rẹ̀ lásán. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n gbọ́ ni ti ìyá.

Wọ́n yíjú sí mi.

Mo dúró díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé pé mo dúró. Kì í ṣe pé ẹnu mi yọ̀. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Láti ara ìyá yín ló ti wá. Ara. Bí èèyàn ṣe ń ti ara ìyá jogún gíga tàbí àlàfo eyín.

Mo ní, "Dókítà ní láti ọwọ́ ìyá yín ló ti wá."

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ mọ ohun tí mo ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá mú mi lọ sí kọ́ọ̀tù, mo lè sọ pé mi ò purọ́. Èèyàn a máa gba nǹkan láti ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá sọ fún ọkùnrin tó ṣàdédé ṣubú níbi iṣẹ́ pé láti ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni, kò sí ọ̀nà méjì tó máa gbà yé e.

Dókítà bi mí pé ṣé mo ti sọ fún wọn pé kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Yes, sir." Ó ní kí n sọ ti iná fún wọn. Mo ní, "Ó ní wọ́n ti dá iná sínú ẹ̀jẹ̀ yín." Wọ́n. Ẹ wo bí èdè wa ṣe rọrùn láti fi ṣe ibi. Mi ò dárúkọ ẹnì kankan.

Sàkíù ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mo gbọ́ mọ́dà. Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi etí ara mi gbọ́ mọ́dà lẹ́nu ẹ̀." Ọkọ mi tẹ orí ba, ó ń sunkún bí ọmọdé. Dókítà fọwọ́ kàn án léjìká, ó rò pé àìsàn ló ń bà á lẹ́rù.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n wá sí ilé wa ní Itele lẹ́yìn ìrun. Bàbá Sídí mú Sídí ọmọ rẹ̀ obìnrin dání, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà náà. Màmá ń to àwọn ìgò tìróò rẹ̀ sínú àpótí.

Bàbá Sídí ní, "Màmá, dókítà ní láti ọwọ́ yín ni. Kí ni mo fi ṣe yín?"

Màmá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rò pé eré ni. Nígbà tí kò sẹ́ni tó bá a rín in, ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá wò mí. Ó ní, "Alábẹ́rẹ́, ṣé bí dókítà ṣe wí nìyẹn?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Bó ṣe wí nìyẹn."

Ó ní, "Láti ọwọ́ èmi?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Sídí ló kọ́kọ́ bú u. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́, pé ojú tó ní kókó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ojú èèyàn lásán. Ó gbé àpótí tìróò, ó dà á sójú títì. Sàkíù bi ìyá rẹ̀ pé ṣé àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ tó kú, ṣé wọn ò tó o ni. Ọkọ mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò bú u, kò sì gbèjà rẹ̀. Èmi dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Mo lè sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Gbólóhùn kan péré ló gbà.

Wọ́n ní kí ó máa lọ sí ilé bàbá rẹ̀ ní Adó-Odò. Ó lọ pẹ̀lú ọ̀rá nálọ́ọ̀nù kan.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò fẹ́ purọ́ fún yín. Inú mi dùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo fọ ìkòkò mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo dà á dé, mo jókòó sórí àpótí ìdáná, mo ń wò ó. Mo sọ fún ara mi pé tó bá di oṣù kejì, tí ìbínú wọn bá ti rọlẹ̀, màá ṣàlàyé fún wọn, a ó jọ fi ṣe ẹ̀rín. Mo fẹ́ kó kúrò nílé mi fún ìgbà díẹ̀ ni. Mi ò rò ó dé ibi oògùn.

Bàbá Sídí ò ra oògùn. Kí ló fẹ́ fi oògùn Òyìnbó ṣe sí ohun tó ti ọwọ́ èèyàn wá? Ó fi ìwé tí dókítà kọ fún un di ẹ̀pà. Ó lọ ń mu hàǹtú lọ́dọ̀ àlùfáà, ó ń gbààwẹ̀, ó tún padà sídìí iléru. Nígbà tó di oṣù keje lẹ́yìn náà, ó kírun àìlà tán, ó jókòó sórí ẹní, kò dìde mọ́.

Gbogbo èèyàn ní ìyá rẹ̀ ti parí iṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ dì mọ́ mi, ó ní ọpẹ́lọpẹ́ èmi tí mo tú àṣírí náà, àwọn ì bá máa bá òṣìkà jẹun. Mo sunkún. Wọ́n rò pé ẹkún ọ̀fọ̀ ni mo ń sun. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kì í tún ṣe eré mọ́, òkú ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tí mo wá ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló burú jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ju ìwé sílẹ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí pé ọkọ mi náà lè kú. Lọ́jọ́ kan tí ara rẹ̀ gbóná, mo fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, mo ní ibà ni mo fẹ́ wò. Mo gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò wa, mo ní kí wọ́n bá mi wo ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì wọn iná rẹ̀. Méjèèjì ga. Ohun tó wà lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lára rẹ̀.

Mi ò lè gbé oògùn lé e lọ́wọ́. Ó máa bi mí pé oògùn kí ni. Nítorí náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ ọ́. Mo ra oògùn tí dókítà kọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo ń fi ìdí ife lọ̀ ọ́ kúnná láràárọ̀, mo ń pò ó mọ́ ògì rẹ̀. Mo ń fi oyin sí i kí ó má bàa korò. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá báyìí. Ọkọ mi ò mọ̀ pé òun ń lo oògùn kankan. Ó máa ń sọ fún àwọn èèyàn ní mọ́ṣáláṣí pé àdúrà ìyàwó òun ló pa òun mọ́.

Sàkíù a máa yà sọ́dọ̀ wa láràárọ̀ kó tó lọ sí ìsọ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ràn ògì mi. Mo máa ń bu ti ọkọ mi sí abọ́ funfun, mo máa ń bu tirẹ̀ sí abọ́ aláwọ̀ ewé. Oògùn wà nínú ti funfun. Kò sí nínú ti aláwọ̀ ewé.

Mo mọ ìbéèrè tó wà lẹ́nu yín. Mo ti bi ara mi. Kì í ṣe pé oògùn ò tó. Mo rò ó pé bí ara àwọn méjèèjì bá le, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé ṣé lóòótọ́ ni Màmá ṣe wọ́n. Ẹnì kan ṣoṣo tó bá yè, àdúrà ni. Ẹni méjì, wọ́n á fẹ́ padà lọ bi dókítà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń rò ó nígbà tí mo ń bu ògì fún un, tó ń kí mi pé, "Ìyàwó wa, ẹ ṣeun."

Dókítà ò gbàgbé wọn. Ó pè mí títí. Ó ní èsì jíìnì náà ṣe pàtàkì, pé kí n kó àwọn tó kù wá, kí n mú ìyá wọn wá. Mo ní wọ́n ti kó lọ sí òkè Ọya, pé nọ́ńbà wọn ò lọ mọ́. Ó kọ lẹ́tà fún wọn, ó ní kí n bá òun wá ẹni tó máa mú un lọ. Mo ya á. Lẹ́yìn náà ó kúrò ní ilé ìwòsàn wa, mo sì mí kanlẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo lọ wo Màmá ní Adó-Odò. Mo mú ọmọ mi obìnrin dání. Mo rò pé ó máa ṣépè fún mi, mo sì ti múra láti bá a jà. Kò ṣépè. Inú rẹ̀ dùn. Ó ti rù, àwọn kókó ojú rẹ̀ ti pọ̀ sí i.

Ó fẹ́ fún ọmọ mi ní ọsàn. Kò nawọ́ sí i. Ó gbé ọsàn náà sílẹ̀, ó tì í síwájú, ó sún sẹ́yìn. Ó ní, "Ọmọ mi, mú un nílẹ̀."

Mo bi í pé, "Màmá, kí ló dé?"

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní, "Mo ti rò ó, Alábẹ́rẹ́. Àwọn tá a jọ bí kú. Ọmọ mi kú. Dókítà ò mọ̀ mí rí tí á fi parọ́ mọ́ mi. Ó ní láti jẹ́ pé mo ní in tí mi ò mọ̀. Mi ò fẹ́ kí ọwọ́ mi kan ẹnikẹ́ni mọ́."

Àwọn ará ilé sọ fún mi pé kì í bá ẹnikẹ́ni bọ ọwọ́, kì í gbé ọmọ, kò sì ta nǹkan kan mọ́ nítorí pé ta ló máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n bá òun bẹ àwọn ọmọ òun. Ó ní bí ó bá jẹ́ òun ló ṣe é lóòótọ́, òun ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Mo ní màá bá a bẹ̀ wọ́n. Mi ò jíṣẹ́.

Ó kú lọ́dún kejì. Wọ́n ní ó jókòó, ó fara ti ògiri, bí àbúrò rẹ̀ ṣe kú gẹ́lẹ́. Àwọn obìnrin àdúgbò ló wẹ̀ ẹ́. Nínú àwọn ọmọ rẹ̀, Sàkíù nìkan ló débẹ̀, ó dúró lókèèrè. Nígbà tó padà dé, ó sọ fún mi pé, "Ìyàwó wa, ó dà bí ẹni pé a ṣi ìyá yẹn mú." Mo ní kí ó má jẹ́ kí àánú ṣe é, pé ohun tí dókítà sọ ló sọ.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, Sàkíù ṣubú níwájú ìsọ̀ rẹ̀ lábẹ́ bíríìjì Sàngó, tòun ti awò ìjórin lójú, kò sì dìde mọ́. Ó ti jẹ ògì lọ́dọ̀ mi láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ó yẹ kí ìyẹn jẹ́ òpin. Màmá ti kú, kò tún sí ẹni tí wọ́n máa nàka sí. Ṣùgbọ́n ní oṣù tó kọjá, Sídí wá bá mi. Ó ti pé ẹni ọgbọ̀n ọdún báyìí, ó ń bá wọn di ọṣẹ ní iléeṣẹ́ kan ní Agbára, ó sì ti bí ọmọ méjì. Èmi ni nọ́ọ̀sì ẹbí, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo wọn ń sá wá.

Ó ní, "Mọ́mì, àyà ń dùn mí. Tí mo bá gun àtẹ̀gùn iléeṣẹ́ wa, ó máa ń dà bí ẹni pé wọ́n ń fún mi láyà."

Mo wo ojú rẹ̀. Ó lẹ èèkánná, ó kun àtíkè. Lábẹ́ àtíkè náà, mo rí irú kókó ojú Màmá ní ìpéǹpéjú rẹ̀.

Mo ní, "Gáàsì ni. Má máa jẹ ẹ̀wà."

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn. Ẹnu mi ti mọ́ ọn lára.

Gáàsì ò lọ. Sídí sọ fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sọ fún ọkọ mi, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan pé ọwọ́ Màmá ṣì ń jà láti inú ilẹ̀. Wọ́n rí àlùfáà kan ní Adó-Odò tó ní òun máa so ọwọ́ náà níbi sàréè rẹ̀. Ó ní kí wọ́n mú ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu dókítà wá, kí ó tún un sọ bó ṣe gbọ́ ọ, kí òun lè fi ìdí iṣẹ́ òun múlẹ̀. Títí dìgbà náà, ó ní Sídí kò gbọdọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, kò gbọdọ̀ gbé oògùn kankan mì, àní panadó.

Ọjọ́ Sátidé nìyẹn. Ọkọ mi ní òun máa jókòó tì mí. Ó ní kí n má bẹ̀rù, pé òtítọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Mo ti ń gbìyànjú rẹ̀. Tí mo bá dá wà nílé ìdáná, mo máa ń sọ ọ́ jáde. Láti ara ìyá yín. Ó máa ń jáde dáadáa. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé tí mo bá sọ ọ́ níwájú wọn, ìbéèrè kan ló máa tẹ̀ lé e: kí ló dé tí o sọ èkejì nígbà yẹn? Ìyàwó Sàkíù á wà níbẹ̀. Ó máa bi mí ohun tó mú kí ọkọ tèmi yè. Ọkọ mi á wò mí. Á rántí pé ìyá òun dúró nínú ọgbà wa, tó ń bi mí pé ṣé láti ọwọ́ òun ni lóòótọ́, tí òun ò sì sọ nǹkan kan. Mi ò mọ̀ bóyá èmi ló máa kọ́kọ́ pa tàbí ara rẹ̀.

Mo ti rò ó bóyá kí n mú Sídí lọ sí ilé ìwòsàn ní kọ̀rọ̀, kí n máa lọ oògùn fún òun náà. Ṣùgbọ́n kì í jẹ ògì lọ́dọ̀ mi. Ọmọ rẹ̀ méjì ń kọ́? Àwọn ọmọ Sàkíù ń kọ́? Àwọn ọmọ tèmi náà, mi ò tíì ní ìgboyà láti fa ẹ̀jẹ̀ wọn. Abọ́ funfun mélòó ni mo máa rà?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìyẹn ò le, mo ń ṣe é lójoojúmọ́. Ẹ má sì sọ fún mi pé èèyàn burúkú ni mí. Mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ fún mi bóyá ẹ̀yin, tí ẹ bá jẹ́ èmi, ẹ lè sọ ọ́ lójú ọkọ yín.

Sídí pè mí lórí fóònù láàárọ̀ yìí. Kò lè sọ̀rọ̀ tán kó tó mí. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ dáadáa lọ́jọ́ Sátidé o. Bí dókítà ṣe wí i gan-an ni kí ẹ wí i, kí Màmá lè fi mí sílẹ̀."

Mo ní màá sọ ọ́ dáadáa.

Ó ní, "Ẹ ṣeun, Mọ́mì. Ẹ̀yin nìkan la ní."